Ara Tó Wà Nínú Awọ Dúdú

Ọmọkùnrin kan wà tó ń ta omi tútù ní Ṣàgámù Interchange tí kì í pariwo ọjà. Gíga rẹ̀ ń pariwo fún un. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà máa ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì Benin, wọ́n á nàgà, wọ́n á fò, kí ọwọ́ wọn tó kan fèrèsé. Ní tirẹ̀, apá lásán ló ń gbé sókè, èrò á gba omi, á na owó sí i. Láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó yà sí Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti máa ń wò ó. Àgùnfọn ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Àwọn ọmọdé inú ọkọ̀ á yọ orí síta, wọ́n á nàka sí i, ìyá wọn á fà wọ́n wọlé. Ó máa ń tẹ ọrùn díẹ̀ tó bá ń ka ṣéńjì, bí àwọn tó ga ju ẹgbẹ́ wọn láti kékeré ti máa ń ṣe, tí wọ́n ti mọ̀ pé ojú ayé kò ní kúrò lára àwọn.

Ẹ̀fẹ̀ ni irú gíga bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rí gbà láàárín wa. Ní ilé ọtí kan ní Soho, ní ìlú London, ó rí nǹkan mìíràn gbà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Archer, tó ń bá àwọn onífíìmù wá òṣèré, gbójú sókè níbẹ̀, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Nàìjíríà kan tí orí rẹ̀ yọ lókè gbogbo orí yòókù. Bọ́lájí Bádéjọ ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà àwòrán ló ń kọ́ ní London. Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1953. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 10, ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn débi pé ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan á tún yíjú padà. Kò ṣe fíìmù rí. Fíìmù kan ṣoṣo náà ló sì ṣe títí ó fi kú.

Fíìmù ọ̀hún ni Alien. Ridley Scott ló darí rẹ̀, ó jáde ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1979, àwọn tó ń tẹ̀ lé e kò sì tíì tán: Aliens ní 1986, Alien 3 ní 1992, Alien: Resurrection ní 1997, àti àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn, títí dé Alien: Romulus ní 2024 àti Alien: Earth tó jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Ìtàn ọjọ́ iwájú ni, ìtàn ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀ àti ẹ̀dá abàmì kan tó wọlé tọ àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Àwọn kan á ní Sigourney Weaver, tó ṣe Ripley, ni olú òṣèré ibẹ̀. N kò ní bá wọn jà, obìnrin náà ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lójú fíìmù kì í ṣe ti Ripley. Ti ẹ̀dá abàmì náà ni. Bí orúkọ àwọn òṣèré bá sì ń kọjá ní ìparí, ẹ ó rí ẹni tó ṣe é, wọ́n kọ ọ́ kedere: Bolaji Badejo.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ara rẹ̀ ló dẹ́rù bà wá. Orí gígùn náà àti eyín tó ń dán, àwọn oníṣẹ́ ọnà ló ṣe wọ́n, wọ́n sì káre. Ìdúró, ìdìde, bí apá ṣe ń nà bọ̀ tí kò kánjú, Bọ́lájí ló ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ òṣèré ni, ó sì yẹ ká máa fi orúkọ iṣẹ́ òṣèré pè é.

Àtíbàbà kan wà ní Interchange níbi tí ọ̀dọ́ kan ti ń kó fíìmù sórí mẹ́mórì káàdì fún awakọ̀ àti èrò. Ibẹ̀ gbóná. Èéfín ọkọ̀ ń wọlé, àwọn tó ń pe "Ọ̀rẹ̀, Benin! Ọ̀rẹ̀, Benin!" kò dákẹ́ rárá. Obìnrin kan ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́yìn rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n to apẹ̀rẹ̀ obì sí, obì gbànja ilẹ̀ Rẹ́mọ tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kó lọ sí òkè Ọya. Mo ní kí ọ̀dọ́ náà bá mi wá Alien ti 1979. Ó ní in. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kí n lè rí i pé àwòrán rẹ̀ mọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì pa á. Awakọ̀ kan tó ń retí kí ọkọ̀ rẹ̀ kún sún mọ́ wa. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Obìnrin kan tó ń ta obì níbẹ̀ fi ọjà sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn wa.

Ẹ̀dá náà kì í tètè yọjú. Scott mọ ohun tó ń ṣe. Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí 2, síbẹ̀ bí ẹ bá kó gbogbo ibi tí ẹ̀dá náà ti hàn lẹ́yìn tó dàgbà pọ̀, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 lọ. Àwọn awakọ̀ ti ń kùn pé ìtàn náà ń fà. Ọ̀dọ́ náà sáré mú un lọ sí ibi tí Parker àti Lambert, méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà, ti ń kó àgbá jọ láti fi sá lọ. Òjìji kan bọ́ sára ògiri. Lambert yíjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé mọ́. Nǹkan kan ń dìde níwájú rẹ̀. Kò fò mọ́ ọn, kò ké. Ó kàn ń dìde ni. Èèyàn á rò pé ó ti dúró tán, á tún rí i pé ó kù tí yóò nà. Orí náà kò ní ojú, nítorí náà a kò mọ ẹni tó ń wò. A mọ̀ ṣá pé ó ti rí i. Parker sáré sí i, ẹ̀dá náà sì gbá a dànù, ó tún kọjú sí obìnrin náà.

"Ẹ gbà mí o," ni awakọ̀ Ọ̀rẹ̀ wí. "Anjọ̀nnú pọ́ńbélé. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, àbí?"

Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. 1979 nìyẹn. Èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni. Bọ́lájí ni wọ́n ń pè é."

Ó yíjú sí mi. "Bọ́lájí bíi tiwa yìí?"

"Bọ́lájí Bádéjọ. Èkó ni wọ́n bí i sí."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ni kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ jẹ́ ká dá a padà. Ẹ jẹ́ n tún wò ó."

Ojú tí a fi wò ó lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe ojú ti àkọ́kọ́. Bí eégún ẹni bá jóore, orí a máa yá ni, orí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí sì yá lóòótọ́. Ẹ̀rù kò kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wá èèyàn náà. Awakọ̀ Ọ̀rẹ̀ ń nàka sí apá rẹ̀. Obìnrin olóbì ní kí wọ́n wo ìbàdí bó ṣe tín-ín-rín, pé ta ni ìyá rẹ̀. Èmi ń wo èjìká. Ọ̀pọ̀ òṣèré tó wọ ẹ̀wù ẹranko máa ń fi èjìká ṣe agídí, wọ́n á wú u, wọ́n á mì í, kí a lè mọ̀ pé inú ń bí wọn. Èjìká Bọ́lájí dákẹ́. Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí ìkánjú. Ohun tí kò bínú sí ẹ, tí ó sì ń bọ̀ wá pa ẹ́, ẹ̀bẹ̀ wo ni o fẹ́ bẹ̀ ẹ́?

Bọ́lájí fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun kọjú sí Veronica Cartwright, obìnrin tó ṣe Lambert, tí ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu òun, ohun tí òun rí lójú rẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ̀rù ń bà á ní tòótọ́. Mo gbà á gbọ́. Ẹ wo ojú obìnrin náà.

Wọn kò bá irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí lára rẹ̀ ní ilé ọtí. Ó kọ́ ọ ni. Scott kò fẹ́ kí ẹ̀dá náà jọ èèyàn tó wọ ẹ̀wù rọ́bà. Wọ́n ti ro oríṣiríṣi kí wọ́n tó rí Bọ́lájí, títí kan àwọn tó ń lọ́ ara wọn bí okùn nínú eré, wọ́n sì ti wo Peter Mayhew, ẹni gíga tó ṣe Chewbacca nínú Star Wars. Nígbà tí wọ́n mú Bọ́lájí, wọ́n rán an lọ kọ́ tai chi, eré ìdárayá ilẹ̀ Ṣáínà tí gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ń lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n tún rán an lọ kọ́ eré aláìfọhùn, níbi tí ara ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ayàwòrán sì ni òun náà. Mo máa ń rò pé ojú tó fi ń wo ìlà àti ààyè lórí bébà ló fi ń wo ara rẹ̀ nínú ẹ̀wù náà, tó fi mọ ìgbà tó yẹ kí òun dúró jẹ́ẹ́ kí àwòrán lè pé.

Ẹ̀wù náà kò rọrùn rárá. H. R. Giger, ayàwòrán ará Switzerland, ló ya ẹ̀dá náà. Wọ́n fi P.O.P. kó gbogbo ara Bọ́lájí, irú èyí tí a ń fi di ẹsẹ̀ tó kán, kí rọ́bà náà lè bá a mu wẹ́kú: egungun ìhà lóde, páìpù lẹ́yìn, ìrù gígùn. Carlo Rambaldi, ará Ítálì, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń mú ẹnu orí náà ṣiṣẹ́. Bọ́lájí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran nínú orí yẹn. Ooru ibẹ̀ pọ̀ débi pé ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni agbára rẹ̀ mọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ṣí i, orí rẹ̀ á ti rẹ gbingbin. Nítorí ìrù náà, kò lè jókòó lórí àga, jangilọ́fà ni wọ́n so rọ̀ fún un kó lè rí ibi sinmi. Àwọn ibi tí ẹ̀dá náà ti ń so rọ̀ láti òkè, àwọn tí iṣẹ́ eléwu jẹ́ tiwọn, Eddie Powell àti Roy Scammell, ni wọ́n gbà á ṣe. Ó yẹ kí a dárúkọ àwọn náà.

Shepperton, lẹ́yìn òde London, ni wọ́n ti ya fíìmù náà, láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá ọdún 1978. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà tó kọjá níwájú àtíbàbà yìí. Bí àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń sáré kọjá ilẹ̀ Rẹ́mọ lórí ọ̀dà tuntun, ọmọ Èkó kan ń kọ́ bí a ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú rọ́bà dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pé ọmọ ọdún 25 ní oṣù náà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù wà ní ìparí. Ripley ti sá bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, ọkọ̀ ńlá ti bú gbàmù, ológbò ti sùn, ó ń tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń palẹ̀ ilé mọ́. Ọwọ́ kan já bọ́ síta láàárín àwọn páìpù ara ògiri. Àwa tí a ń wò ti ń wo ẹ̀dá náà láti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn, a kò mọ̀, nítorí pé Bọ́lájí ká ara rẹ̀ gígùn yẹn sínú ihò kékeré títí ó fi di páìpù láàárín àwọn páìpù. Lẹ́yìn náà kò dìde. Kò lé obìnrin náà. Ó ń na ẹnu inú rẹ̀ síta, ó ń fà á wọlé, bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Obìnrin náà ń mí helehele, òun ń sinmi. Ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ayé ń retí pé kó dúró kó dẹ́rù bani, ó wá rí i pé kíká jọ burú ju dídúró lọ. Bọ́lájí sọ pé nígbà tí òun ń jáde níbẹ̀, ẹ̀wù náà ya ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé ìrù ń já. A kò rí ìyẹn. A rí nǹkan kan tó ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ láti inú ògiri.

Ní 1980, wọ́n fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ àrà fíìmù náà ní Oscar, Giger àti Rambaldi wà lára wọn. Ó tọ́ sí wọn. Ní ọdún kan náà, Bọ́lájí padà sí Nàìjíríà nítorí àìlera bàbá rẹ̀. Victor Bádéjọ ni bàbá náà, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Nigerian Broadcasting Corporation. Mo máa ń ronú sí i: bàbá darí ilé iṣẹ́ tí ohùn ti ń jáde lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè, ọmọ sì wọ inú ìtàn fíìmù àgbáyé láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ náà ti gba Ethiopia àti Amẹ́ríkà kọjá kó tó dé London. Ní 1983, ó ṣí ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Èkó. Iṣẹ́ tó yàn fún ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ìyẹn ni pé inú ara tí ń dun ni, tí ooru àti òùngbẹ lè dá wó nígbàkigbà, ni gbogbo sùúrù tí a rí lójú àwòrán yẹn ti wá. Bí mo ti sọ èyí fún awakọ̀ Ọ̀rẹ̀, ó mi orí, ó ní àbúrò òun kan ní in. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni Bọ́lájí kú sí, ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 1992, ọmọ ọdún 39. Ọdún tí Alien 3 jáde ni.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ tí a dúró sí yìí mọ ohun tí eré lè sọ èèyàn dà. Ìperu kò jìnnà sí Interchange, ìlú Ṣẹ́gun Olúṣọlá ni, ẹni tó dá eré tẹlifíṣọ̀n The Village Headmaster sílẹ̀ ní 1968. Òde Rẹ́mọ náà wà nítòsí. Fúnṣọ́ Adéolú, tó ṣe Olóyè Ẹlẹ́yinmi nínú eré yẹn, jọba níbẹ̀, ó di Aláyé Òde Rẹ́mọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè mọ ojú Ẹlẹ́yinmi. Bó bá kọjá lọ́jà, wọ́n á pè é ní orúkọ inú eré kí wọ́n tó rántí èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bọ́lájí ṣe eré tí àwọn tó wò ó kárí ayé pọ̀ ju àwọn tó wo Ẹlẹ́yinmi lọ lọ́nà tí a kò lè kà, ó padà sí Èkó, ó lè wọ ọjà Ọ̀yìngbò lọ́sàn-án gangan, kí ẹ̀fẹ̀ gíga nìkan sì jẹ́ ohun tí yóò gbọ́. Ojú rẹ̀ kò sí nínú fíìmù náà rárá. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ eré ṣíṣe mọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ti mọ ti Ẹlẹ́yinmi, kí wọ́n sì wo ìṣẹ́jú 4 yẹn bí ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́: bí a ti ń dúró, bí a ti ń jẹ́ kí ẹlòmíràn bẹ̀rù láìṣe ohunkóhun.

Lẹ́yìn Bọ́lájí, àwọn ẹ̀dá náà bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Nínú Aliens wọ́n di ọ̀pọ̀, wọ́n ń gun ògiri, ìbọn ń dún. Fíìmù tó dára ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀dá wá lè ṣe ohunkóhun, ẹ̀rù sì dín kù. Nígbà tí Fede Álvarez fẹ́ ṣe Alien: Romulus, tó sì nílò ẹ̀dá tí yóò jáde ní ìparí tí ara àwọn èèyàn yóò sì bù máṣọ, Robert Bobroczkyi ló lọ mú, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ará Romania tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínṣì 7, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí apá rẹ̀ gùn. Gíga rẹ̀ ju ti Bọ́lájí lọ dáadáa. Ó ṣe é dáadáa pẹ̀lú: ó yọ láti inú òkùnkùn, ó tẹ orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò kánjú. Ọdún 45 ti kọjá, owó àti ẹ̀rọ wà nílẹ̀ tí wọn kò ní ní 1979, síbẹ̀ ohun tí olùdarí náà lọ wá ni èèyàn gíga kan tó mọ bí a ti ń rìn díẹ̀díẹ̀.